Ayọ̀dèjì Oṣùọlálé, Oníbáńjò Ẹgbẹ́ Herbe Bleue ti Bouaké (1978–2024)

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1978, ni a bí Ayọ̀dèjì ní àdúgbò Koko, nílùú Bouaké ní Ivory Coast, sí ìdílé Olóògbé Ọlábọ̀dé Oṣùọlálé àti Màmá Àtọ́kẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ̀ àti àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a kọ ìtàn yìí. Ẹ má bínú pé a kò pè é ní "wọ́n". Ọmọ wa ni. Òun ni ó yẹ kí ó kọ tiwa.

Kumasi ni àwọn òbí wa ń gbé kí ìjọba Gánà tó ní kí àwọn àjèjì máa lọ ní ọdún 1969. Àpótí onírin kan ni wọ́n gbé dé Bouaké. Bàbá rí ìsọ̀ gbà ní ọjà ńlá, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Màmá gbé àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, wọn kò sì tú ẹrù inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ra aṣọ tó dára, inú àpótí ni ó ń lọ. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní, "Ẹni tí òjò ti pa rí ló ń wojú ọ̀run." Ara àpótí yìí ni Ayọ̀dèjì dì mú nígbà tó ń kọ́ ìdúró.

Ní ọdún 1990 ó wọ collège míṣọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò pẹ́ sí àkókò náà ni carte de séjour, káàdì ìgbélùú fún àjèjì, dé. Láti ìgbà náà, kí a tó sọ fún un pé ó dàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Káàdì ńkọ́?" Ní oṣù kìíní 1994 owó CFA já sí ìdajì, gbogbo nǹkan wọ́n, ojú àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí àlejò.

Ní oṣù kẹwàá 1995, olùkọ́ rẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Hensley, míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà, gbé báńjò jáde nínú àpò. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bluegrass, orin àwọn àgbẹ̀ orí òkè ìlú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ohun èlò olókùn nìkan kọ láìsí ìlù. Mẹ́rin ni wọ́n: Ayọ̀dèjì mú báńjò, Kouamé, ọmọ Baoulé onílẹ̀ láti Brobo nítòsí Bouaké, mú gìtá, Adjoua, àbúrò Kouamé, mú gòjé òyìnbó, Bakary, ọmọ awakọ̀ kan tí í ṣe Dioula, ń fa okùn bass tó ga jù ú lọ. Wọ́n pe ara wọn ní Herbe Bleue, ìyẹn "bluegrass" lédè Faransé. Nígbà tí okùn báńjò já, tí a kò rí òmíràn rà, Bàbá tú wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fa ìrun rẹ̀ kan yọ fún un. Bàbá ní, "Bí orin yín bá sáré jù, ìjánu ti wà nínú rẹ̀."

Ní ìsinmi Àjíǹde 1996, ìdíje orin wáyé láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá mókè ni yóò lọ kọrin ní Abidjan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ivoirité, pé ta ni ọmọ Ivory Coast gidi, ti kún ẹnu gbogbo ènìyàn, àwọn olùṣètò sì ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ni yóò gun pèpéle. Ìyá Kouamé a máa pe Ayọ̀dèjì ní Yao nígbàkígbà tó bá jẹun nílé wọn ní Brobo, nítorí Yao ni ọmọkùnrin tí a bí lọ́jọ́ Ẹtì ń jẹ́ láàárín àwọn Baoulé. Kouamé wá ní, "Yao ni ọ́ nílé wa tẹ́lẹ̀. Jẹ́ Yao lórí pèpéle." Màmá gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń bi Bàbá léraléra pé, "Bí wọ́n bá dá a mọ̀ ńkọ́?"

Wọ́n kọrin, gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún wọn. Àwọn àgbà ọjà jókòó níwájú, Alhaji Tàjúdínì, olórí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jà, wà láàárín wọn. Ìdùnnú mú kí Alhaji gbàgbé pé kò yẹ kí òun mọ ọmọ yìí lọ́jọ́ náà. Alhaji gun pèpéle láti kí àwọn ọmọ náà. Kouamé na ọwọ́, Bakary na ọwọ́. Ayọ̀dèjì yí báńjò sí ẹ̀yìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ kan pákó. A kò kọ́ ọ rí pé kí ó rò ó kí ó tó kí àgbà.

Ẹnìkan wá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Hé! Yao Anango!" Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀rín bú.

Wọn kò lọ sí Abidjan mọ́. Ẹ̀rù ba àwọn aláṣẹ collège, wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta tó kù wá oníbáńjò mìíràn. Adjoua dáhùn pé, "Ta ni yóò lè ta wáyà kẹ̀kẹ́ yẹn bí kì í bá ṣe Anango wa?" Ibẹ̀ ni Herbe Bleue parí sí, kò tó ọdún kan. Alhaji wá sílé wa pẹ̀lú omijé, wọ́n ní àwọn ni àwọn tú àṣírí ọmọ. Bàbá ní, "Ẹ nu ojú yín, Alhaji. Ọmọ mi kò ṣubú. Ó kí àgbà ni." Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí Ayọ̀dèjì bá pàdé àgbà ní ìta, ó máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wo òsì, kí ó tó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn dùn wá ju Abidjan lọ.

Ní 1998 ó dara pọ̀ mọ́ Bàbá ní ìsọ̀. Nígbà tí ogun dé ní 2002, Màmá gbé àpótí, gbogbo wa sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀, "ọmọ Àbíjàn" ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò dé Abidjan rí. Ó padà sí Bouaké ní 2004. Ní 2006 ó fẹ́ Hàbíbátù, ọmọ Alhaji Tàjúdínì. Lọ́jọ́ tó wá dọ̀bálẹ̀ fún àna, Alhaji ní, "Yao, dìde jàre! O ti ṣe tìrẹ lọ́dún náà lọ́hùn-ún."

Láti 2009 ni ó ti ń ta báńjò nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, a sì fi í jẹ díákónì ní 2015. Ó máa ń bá àwọn ará wa lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, tí wọ́n bá ń wá ìwé, nítorí ó mọ bí ó ṣe ń rí níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń béèrè káàdì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún yìí. Ó ti sọ fún Hàbíbátù pé, "Ẹ má gbé mi lọ." Àwọn àgbà ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹ́ òkú ọmọ wọn. Ẹ̀rù sì ba àwa náà. Ìlú tó fi í rẹ́rìn-ín, ṣé yóò gbà á sínú ilẹ̀?

A wà nínú èyí nígbà tí Kouamé dé láti Brobo, pẹ̀lú Adjoua àti Bakary. Ìyá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀, nítorí náà inú àgbàlá ni Màmá jókòó sí. Kouamé kò gba àga. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, fìlà rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n ó na ara rẹ̀ títí àyà fi kan ilẹ̀, lójú gbogbo Koko. Ó ní, "Màmá, Yao kọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa." Màmá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn: "O mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ mi. Dìde."

Lẹ́yìn náà ni Màmá ní kí a sin ín sí Bouaké, kí a sì ṣí àpótí. Aṣọ Kumasi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni a ó fi bo Ayọ̀dèjì. Wọ́n pín ìyókù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àpótí ti ṣófo báyìí.

Ó fi Màmá Àtọ́kẹ́ sílẹ̀, àti Hàbíbátù aya rẹ̀, àti àwọn ọmọ: Aaliyah, Jubril àti Ọlábọ̀dé kékeré, àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Kouamé, Adjoua pẹ̀lú Bakary, tí a kà mọ́ ẹbí. Kò dúró rí ọmọ-ọmọ.

Ayọ̀dèjì, ọmọ Oṣùọlálé, sùn re. Yao, sùn re. Dọ̀bálẹ̀ fún Olúwa rẹ láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí o ti wá mọ́.