Ìró Ìka Tètèdé Lábẹ́ Bẹ́kìrì

Ọdún mẹ́rin rèé, Tètèdé, tí o gbé korobá gòkè láti lọ pọnmi, tí o ní o ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin! Ọ̀nà ẹ̀rọ omi ò ju ìdajì òpópónà lọ, ọmọ ọmọ mi.

Èmi ìyá ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí. Ìyá rẹ ló yẹ kó kọ ọ́, ó jókòó tì í títí, omijé nìkan ló rí kọ. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu òun. Ni wọ́n bá gbé e fún èmi, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi, bí eyín tilẹ̀ ti ń tán níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Àbúrò rẹ tó máa ń sùn lé ọ lẹ́sẹ̀ ti ga ju bàbá yín lọ. Ohùn rẹ̀ ti ki. Bó bá kí mi láàárọ̀, màá rò pé àgbàlagbà ọkùnrin kan ló wọlé, màá yára tún gèlè mi wé! Ìyá rẹ ti tún ògiri iwájú mọ. A ti tún ààrò tó là sí méjì mọ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ máa ń gbóná ju èkejì lọ, tí búrẹ́dì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí. Àwọn èèyàn ń rà á bẹ́ẹ̀. Bẹ́kìrì ò kú, Tètèdé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Inú kíláàsì kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Ogun ò jẹ́ kí ìdánwò wáyé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gòkè sí kíláàsì tó kàn. Irungbọ̀n ti hù lágbọ̀n àwọn ọkùnrin wọn, ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù wọn ò ju orúnkún lọ mọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń jókòó sí ìlà kan, ti ga débi pé ó máa ń ká ara rẹ̀ bí ẹní kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ wọlé.

Abẹ́ ilẹ̀ yẹn! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà ti ilé ẹ̀kọ́ yín pa, wọ́n ní ìpéjọ àwọn ọ̀dọ́ di èèwọ̀, ọmọkùnrin tí wọ́n bá sì rí, ojú ogun ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Ni Olùkọ́ yín, onígíláàsì ojú tó fi òwú so apá kan gíláàsì náà mọ́ etí, bá wá bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a ń kó ìyẹ̀fun sí. Mo ní kó máa kó yín bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àpò ìyẹ̀fun mi ṣe ìrọ̀rí, èmi àti ẹ̀ ni.

Fèrèsé kékeré ibẹ̀ kọjú sí òpópónà, nítorí náà ẹ kì í pe orúkọ. Nínú òkùnkùn, kí àtùpà tó tàn, oníkálukú á fi oríkèé ìka lu tábìlì rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń lu tirẹ̀. Tìrẹ ni: kó-kó, á dúró díẹ̀, kó. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì parí, Olùkọ́ á máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, á lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí Olùkọ́ bá lu tábìlì rẹ̀ nìkan ló lè dìde máa lọ ilé, kí ẹ má baà ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo ẹran. Ẹni tí wọn ò bá lu tábìlì rẹ̀, ó wà ní kíláàsì síbẹ̀. Òfin nìyẹn, o sì mọ̀ pé ìwọ lo máa ń pa á mọ́ jù.

Tèmi ni ariwo. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dìídì dá mi fún! Èmi á máa po ìyẹ̀fun lókè, èmi á máa lù ú mọ́ pákó, èmi á máa fi ohùn mi tó dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù kọrin, kí ohùn Olùkọ́ má baà dé etí òpópónà. Tí orin mi bá dáké, ẹ̀yin náà á dáké: sójà ti wọlé nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, omi tán nísàlẹ̀. O gòkè wá, o ti korobá bọ ọwọ́, o fi swẹ́tà rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ. O ní, "Màmá, orin yín ti yà kúrò lọ́nà lónìí o. Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ wá bá yín mú un padà." Mo ju ìyẹ̀fun lù ọ́. O sáré jáde, ẹ̀rín lẹ́nu, funfun ní èjìká.

Bọ́ǹbù kan bọ́ síbi ẹ̀rọ omi.

Orin mi dáké. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó wà nísàlẹ̀ rò pé sójà ló dé, wọ́n pa àtùpà, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni ò wú ikọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Olùkọ́ lu tábìlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ ilé. Swẹ́tà nìkan ló kù lórí tìrẹ. Olùkọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò lù ú.

Lẹ́yìn tí a sin ọ́, wọ́n padà wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó kan ibi tìrẹ. Gbogbo wọn dúró. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí àwọn ń dúró dè.

Kó-kó. Kó.

Ẹni tó tẹ̀ lé ọ lu tirẹ̀. Wọ́n tan àtùpà, wọ́n sì ka ìwé wọn títí ilé ẹ̀kọ́ fi parí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wá sọ fún mi lókè, ètè rẹ̀ funfun, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun.

Inú bí mi! Mo ní ọmọ burúkú kan ló ń fi òkú ọmọ mi ṣeré. Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan àtùpà kalẹ̀, kí gbogbo wọn na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo bu ìyẹ̀fun wọ́n yí swẹ́tà rẹ ká lórí tábìlì. Mo ní, "Ó yá, kí ọmọ burúkú náà lù ú kí n rí i."

Ìyẹ̀fun ta sókè níbi kan, ó balẹ̀. Ó tún ta sókè. Ó dúró díẹ̀. Ó ta sókè. Gbogbo ọwọ́ ló wà lókè.

Tètèdé, mo tọ̀ sára. Má fi mí rẹ́rìn-ín! Obìnrin tí kò sá fún sójà rí!

Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ mi gbẹ, ẹ̀rù náà gbẹ pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sí àga rẹ. Ìdí mi há síbẹ̀. Mo fà á, ó kọ̀. Mo yí i, ó kọ̀. Nínú òkùnkùn, bí mo ṣe há síbẹ̀, ó kàn ọ́. Mo ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sórí tábìlì. Láti ìsàlẹ̀ ló ti wá, ó gbọ̀n wọ inú eegun ọwọ́ mi: kó-kó. Kó. Ó tutù bí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fà mí yọ, wọ́n rò pé àga ló ń pa mí lẹ́kún.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mò ń dúró lórí àtẹ̀gùn tí mo sì ń gbọ́ ọ. O ní o ń bọ̀, o sì bọ̀. Mo ń wí fún ara mi pé ọmọ mi ò lọ. Òun ló mú kí n lè máa po ìyẹ̀fun. Òun ló mú kí n lè máa kọrin.

Ogun wá parí. Wọ́n kan òrùlé tuntun sórí ilé ẹ̀kọ́ yín. Lóṣù tó kọjá, Olùkọ́ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn lábẹ́ ilẹ̀ ti dé. Gbogbo wọn ń yọ̀, àyà mi ń já. Bí wọ́n bá kó lọ, ta ni wàá máa lu tábìlì fún? Inú òkùnkùn, láàárín àpò ìyẹ̀fun, ìwọ nìkan?

Mo dúró sórí àtẹ̀gùn bí Olùkọ́ ṣe ń lu tábìlì wọn káàkiri. Ọ̀kan lọ. Òmíràn lọ. Ó dé ibi swẹ́tà, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bó ti máa ń ṣe, ó sì lu ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ìgbà náà ni ojú mi là. Mo ké, "Olùkọ́! Ẹ ò tíì ní kó máa lọ!"

Ó yí padà. "Ta ni, Màmá?"

"Tètèdé! Láti ọjọ́ yẹn! Ṣé ẹ rò pé ọmọ yẹn á dìde láìgbàṣẹ?"

Olùkọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ ò balẹ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò lè ṣe é. Ẹ bá mi lù ú."

Èmi! Èmi tí mi ò fẹ́ kí o lọ! Mo dúró tì í, Tètèdé, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí mi ò bá lù ú, wàá wà níbẹ̀, èmi á sì máa gbọ́ ọ títí n óò fi kú. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni kì í fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ parí?

Mo ká swẹ́tà rẹ. Mo lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Afẹ́fẹ́ tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Àtẹ̀gùn tó máa ń han bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó han. Lókè, ilẹ̀kùn bẹ́kìrì ṣí, kò sì pa dé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, Olùkọ́ pe orúkọ yín tòò, pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, nínú oòrùn. Ó pe tìrẹ náà. Mo wà lẹ́nu fèrèsé pẹ̀lú búrẹ́dì wọn. Gbogbo kíláàsì dúró. Mo na etí.

Kò sí nǹkan kan.

Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, ikun imú mi dà sórí búrẹ́dì. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àárò rẹ ń sọ wá, Tètèdé! Ó ń sọ ìyá rẹ, ó ń sọ bàbá rẹ, ó ń sọ àbúrò rẹ tí ohùn rẹ̀ ti ki. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí. Swẹ́tà rẹ wà ní ìrọ̀rí mi. Ilẹ̀kùn tí o ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á dé, bí otútù tilẹ̀ ń pa ìyẹ̀fun mi tí kò jẹ́ kó wú dáadáa. Orin mi ṣì yà kúrò lọ́nà, mò ń dúró kí o wá bá mi mú un padà.

Bí o bá wá, má lu nǹkan kan. Ta ní ń kànkùn nílé ara rẹ̀? Wọlé.

Ìyá rẹ àgbà, aláriwo bẹ́kìrì.