Òdòdó Tí O Kó Sínú Ibi Ìyáná

Dervla,

Mo ń gbé Bàbá lọ sọ́sípítù ní Sligo. Ó ti wà nínú mọ́tò, ó ń gbọ̀n, nítorí náà n ò ní pẹ́ lórí ìwé yìí.

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ibi ìyáná tí bàbá ẹni ń dáná sí láràárọ̀ lo kó koríko gbígbẹ àti òdòdó bébà kún, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ láti Dublin, o sì fẹ́ kí pálọ̀ wa jọ àwọn tí wọ́n ń yà sínú ìwé ìròyìn. Mo ní, "Dervla, ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́ o." O ní kí n yé ṣe ìyá lé ọ lórí.

Ó dáa. Òtútù jí Bàbá láàárọ̀ yìí. Ó rò pé igi wẹ́wẹ́ ni mo tò sílẹ̀ fún òun, ló bá ṣáná sí i. Ìgbà tí iná sọ lálá ló tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Dípò kó sá sẹ́yìn, ṣe ló ki ọwọ́ méjèèjì bọ iná, ó ń fa òdòdó rẹ jáde.

Ṣí fèrèsé. Má fọwọ́ kan eérú yẹn, ó ṣì gbóná. Sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n jókòó sílé wọn. Má sì tẹ̀ lé wa wá.

Bí mo ṣe ń wé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Attracta, jọ̀ọ́, má sọ fún un pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ gan-an."

Mo ti sọ fún ọ.