Ìgbà Wa, Kì í Ṣe Igbá Wa: Ìgbésí Ayé Olóògbé Herbert Olúṣẹ̀yẹ Ṣóbọ̀wálé (1924–1988)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1924, ní agbo-ilé Ṣóbọ̀wálé ní Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta, ni a bí Olóògbé Herbert Olúṣẹ̀yẹ Àjàgbé Ṣóbọ̀wálé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tíṣà. Ọmọ Ẹ̀gbá tọ̀tún tòsì ni wọ́n. Bàbá wọn, Olóògbé Josiah Ṣóbọ̀wálé, ni olórí ẹgbẹ́ akọrin àti atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Ìyá wọn, Olóògbé Sùsánà Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Itori ni. Ilé tí ọmọ ti ń mọ dò-re-mí kó tó mọ ábídí ni wọ́n bí Tíṣà sí. Ẹni tó bá sì mọ Bàbá Josiah á rántí pé wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1930. Ọdún 1936 ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò lè fò, nítorí òun ló darí gbogbo ìyókù. Ní ọjọ́ ìkórè, ẹgbẹ́ akọrin dìde láti kọ orin kan. Bàbá Josiah ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kan gbé e. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún Ọlọ́run pé, "Ìgbà wa, ọwọ́ rẹ ló wà." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ibi tó yẹ kí ohùn ti wálẹ̀ ni ohùn òyìnbó yẹn ti gòkè, ohun tí gbogbo ìjọ sì ń kọ tọkàntọkàn ni, "Igbá wa, ọwọ́ rẹ ló wà," bí obìnrin tó ń béèrè igbá tí aládùúgbò rẹ̀ yá níjọ́sí. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rín pa Tíṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìwé orin fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Josiah dá dùùrù dúró. Níwájú ìjọ ni wọ́n ti sọ pé, "Olúṣẹ̀yẹ, ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan dùùrù mọ́, àfi ọjọ́ tí o bá mú ohùn tó dára ju èyí lọ wá fún mi." Ó tán. Ọmọ tí kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju dùùrù lọ ki ọwọ́ bọ àpò, ó jáde. Ó dùn wọ́n gan-an, kò sì tán lára wọn bọ̀rọ̀.

Ìṣirò ni Tíṣà wá sá tọ̀. Wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ girama yege, wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nígbà tó sì di ọdún 1952, wọ́n gbé Títílọlá, ọmọ ìdílé Mẹ́tọ́díìsì kan ní Ìbarà, níyàwó. Ní 1955, tọkọtaya kọjá sí Lọ́ńdọ̀n, Tíṣà lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Màmá Títílọlá ló sọ fún wa pé bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì tí dùùrù ń dún, Tíṣà á dúró níta, wọ́n á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù. Bàbá wọn wà ní Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò wọlé lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo irú èèyàn tí à ń sọ.

Wọ́n padà sílé ní 1958, wọ́n sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ará Ìlú ṣí ní Ìbarà ní ọdún 1978, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ tí wọ́n fẹ́ kàwé nírọ̀lẹ́, Tíṣà ni olùkọ́ ìṣirò àkọ́kọ́. Ẹ̀rù òǹkà tó kéré ju òfo lọ máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà á ní kí wọ́n ka iye ní Yorùbá. Bí wọ́n bá ti pe mọ́kàndínlógún, wọ́n á dá wọn dúró: "Ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ni? Ẹ ní ó dín. Àwọn ìyá yín ti kọ́ yín ní ìyọkúrò kí ẹ tó hu eyín." Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló jókòó sí kíláàsì yẹn tí ojú wọn là kedere.

Ní 1980, kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì orin fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò sí olùkọ́. Tíṣà ní àwọn á ṣe é. Wọ́n ra dùùrù kékeré kan síbẹ̀, ó sì ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé olùkọ́ orin kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á ní, "Ẹ tẹ dò. Ẹ tẹ re," ọwọ́ tiwọn á wà nínú àpò. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá Tíṣà ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni.

Ní ọdún 1982, Tíṣà kọ "igba" sára pátákó láìfi àmì sí i, wọ́n ní kí kíláàsì kà á. Mọ́nsúrù, mẹkáníìkì, kà á sí iye owó. Alájà Sìlífátù, tó ń ta abọ́ tánganran ní Ṣàpọ́n, ní igbá ni. Tíṣà wá fi ohùn òyìnbó yẹn kọ orin bàbá wọn sókè, èyí tí wọn ò tíì kọ láti ọjọ́ ìkórè yẹn. Mùsùlùmí ni Alájà, kò gbọ́ orin náà rí. Tọkàntọkàn ló fi béèrè pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló yá igbá yín?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà jókòó, omi bọ́ lójú wọn. Látọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń rò ó pé bóyá ìwà ìpáǹle ọmọdé lásán ni ẹ̀rín wọn, àṣé etí mìíràn náà lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ìdí tí ọwọ́ wọn fi ń gbé inú àpò.

Ìṣirò ló wá gbà wọ́n. Wọ́n fa ìlà mẹ́ta sára pátákó: dò nísàlẹ̀, re láàárín, mí lókè. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹnu ti ń pè é. Ìgbà wa: dò dò re. Ọwọ́ rẹ: re mí re. Ló wà: mí dò. Alájà Sìlífátù ló tẹ̀ ẹ́. Dùùrù ń sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ ohun tó sọ. Orin náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ látọjọ́ tí baba ńlá wa ti ń sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la kàn ń gbà kọjá.

Bàbá Josiah ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, Itori ni wọ́n ti ń simi. Kíláàsì wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Ẹnu ọ̀nà ni Tíṣà dúró sí, wọn ò wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ orin náà, Bàbá Josiah di ojú. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Ẹ tún un kọ." Wọ́n tún un kọ. Bàbá Josiah bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ọjọ́ ìkórè yẹn gan-an, títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Olúṣẹ̀yẹ, igbá mi ti dé. Wọlé, wá tẹ dùùrù." Dùùrù àtijọ́ wà ní pálọ̀ níbẹ̀. Tíṣà yọ ọwọ́ jáde nínú àpò. Kò ṣi ọ̀nà.

Bàbá Josiah sùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìloro ilé wọn, títí àìsàn ráńpẹ́ fi mú wọn lọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1988.

Wọ́n fi Màmá Títílọlá sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Olúmidé, Tòkunbọ̀ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, àti Péjú, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àbúrò, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí a ò lè kà tán.

Orin yẹn náà ni a ó fi sin wọ́n lónìí, Péjú ni yóò tẹ dùùrù. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí "ìgbà" wálẹ̀ bí Tíṣà ṣe fẹ́. Ẹni tó bá sì gbàgbé, tó kọ "igbá", kó má tijú. Lónìí, òtítọ́ ni méjèèjì.

Olúwa, igbá tí o yá wa rèé. Kò fọ́, kò là. A dá a padà sí ọ lọ́wọ́.

Tíṣà, ẹ sùn re o.