Ihò Mẹ́ta Lẹ́yìn Ilé Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Bàbá Dúró-Ná yá mi ní kámẹ́rà. Ọ̀gá mi ni, ayàwòrán. Ó ní fọ́tò òkè ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún tí mò ń yà dà bí ti ẹni tí ajá ń lé. Torí náà: ojú kan ṣoṣo, aago méje àárọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí n fi mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Mo gbẹ́ ihò mẹ́ta sẹ́yìn ilé, létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìka kan jíjìn, fún igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń jókòó lé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ tò ó kó tẹ́jú, ó dè é pa. Mi ò gbọdọ̀ tú u. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Òjò. Òkè da aṣọ borí. Mo yà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọ̀gá to fọ́tò márùn-ún sórí tábìlì. Ibi tí ilẹ̀ ti kan ọ̀run ń dagun sósì, díẹ̀díẹ̀. Ó ní ta ni mò ń bá ṣeré. Mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò gbà mí gbọ́. Kò tíì gbàgbé oníbàárà tí mo fi ohùn ọ̀gá pàṣẹ fún láti inú yàrá kejì pé kó dúró lẹ́sẹ̀ kan, kí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lè dára. Ó sì dúró.

Ọjọ́ Ajé, 10
Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti wá dagun gan-an. Àbí òkè ló ń rì? Mo sọ fún Adájọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní bó bá ṣubú, kó wá bá òun fọ abọ́. Ìyá mi ní ṣé bí ejò ilé ìwẹ̀ níjọ́sí, tí òun fi sá jáde tòun ti ọṣẹ lójú? Kò sí ejò níjọ́ náà. Irọ́ mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà kò pa dé mọ́. Wọ́n ní òjò ló mú un wú.

Ọjọ́rú, 12
Mo bẹ ọ̀gá títí ó fi wá. Ó yọjú sínú kámẹ́rà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò ìsàlẹ̀. Ọwọ́ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ihò tí mo gbẹ́ ní ìka kan! Ó ṣí koríko: ilẹ̀ ti sán, ó sán lọ bá ògiri ilé ìdáná wa.
Ó rọra ní òkè ò kúrò lójú kan o, ọmọ mi, ibi tí o dúró sí ló ń lọ. Ó wá bi mí ta ló wà nínú ilé.

Ọjọ́rú kan náà, ọ̀sán
Mò ń kọ èyí lórí itan, ní òdìkejì títì. Wọ́n ti gbé ìyá àgbà jáde tẹní tẹní, ó ń bú gbogbo wa. Adájọ́ ò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní kí n fi fóònù òun ya ilé, kí n fi ránṣẹ́ sí bàbá mi níbi iṣẹ́ kó tètè máa bọ̀. Mo tò ó kí ibi tí ilẹ̀ ti kan ọ̀run kọ́kọ́ tẹ́jú, bó ṣe kọ́ mi. Òkè dúró ṣinṣin. Ilé wa ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé inú rẹ̀.
Ìyá mi ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ mú. Ó ti padà wọnú ilé náà lọ.