Màmá Kọ̀, Wọn Kò Pa Ìmọ́lẹ̀ Náà Rẹ́

A bí Màmá wa, olóògbé Mojíre Àyọ̀kẹ́ Fáníyì, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1956, ní agboolé Ọ̀ṣúndáre, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wọn, olóògbé Jeremáyà Ọ̀ṣúndáre. Ìyá wọn, olóògbé Alhaja Khàdíjàh, jẹ́ ọmọ Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ kò lè jẹun nínú àwo kan náà kò dé ilé yẹn rí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlódè lọ́dún 1962. Nígbà tí wọn dé girama, olùkọ́ kan ní kí wọn fi físíìsì sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin, kí wọn lọ kọ́ oúnjẹ sísè. Màmá ní àwọn ti mọ oúnjẹ sè láti ilé. Wọn gboyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì lọ́dún 1979, wọn sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1988.

Lọ́dún 1983, Màmá fẹ́ bàbá wa, olóògbé Gbádébọ̀ Fáníyì, tí í ṣe awọnlẹ̀. Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1986 ni Màmá di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú mìíràn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí a gbọ́ pé yóò rán aṣojú wá síbi ìsìnkú yìí, àlejò sì ni. Ọjọ́ Ajé ni Màmá máa ń lọ, ọjọ́ Ẹtì ni wọn ń padà sí Ìlódè.

Lọ́dún 2006 ni iṣẹ́ tó gba ayé wọn dé. Àwọn onímọ̀ kan fi àwòrán ojú ọ̀run tí sátẹ́láìtì yà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Màmá sì gba ẹ̀dà tiwọn. Irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí ló wà nínú àwòrán náà. Bí ooru ààrò tí iná rẹ̀ ti kú ló rí: ojú kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá sún mọ́ ọn á mọ̀. Màmá bo gbogbo agbo ìràwọ̀ tó hàn ketekete ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọn lè wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tẹ́jú. Ó mọ́lẹ̀ níhìn-ín, ó ṣú lọ́hùn-ún.

Màmá kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Wọn kò yọ eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tiwa kúrò nínú ìṣirò. Àwọn fúnra wọn ló rí i, wọn sì fi oṣù méje tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kò kúrò. Ìgbà náà ni ó dá wọn lójú pé àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra kí ilé ayé tó wà, ni àwọn ń wò. Wọ́n jìnnà débi pé a kò lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá gbé. Agboolé agboolé ni wọ́n wà, bíi ti àdúgbò Ìrẹmọ ní Ifẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì pọ̀ sí ló ń mọ́lẹ̀ jù.

Lọ́dún 2009, Màmá gbé iṣẹ́ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fi ènìyàn joyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Alága ìgbìmọ̀ wo àwòrán náà, ó ní, "Ọyẹ́ ló ba fọ́tò yìí jẹ́, Madam."

Màmá dáhùn pé, "Ẹ forí jì mí, sà. Sátẹ́láìtì kọjá ibi tí ọyẹ́ ń fẹ́ dé."

Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọn pa àwọn àbàwọ́n náà rẹ́, kí àwòrán náà dán, oyè á sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Màmá kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni oyè náà fò wọ́n dá. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó dùn wọ́n wọra, a kò ní purọ́. A rí i tí wọn sunkún nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n wọn kò pa ohunkóhun rẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ẹlòmíràn lókè òkun rí irú àbàwọ́n kan náà, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́." Gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé ni Màmá fẹ̀yìn tì lọ́dún 2021.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọn, síbẹ̀ kò sí Iléyá tí wọn kì í lọ ṣèrànwọ́ fún ìyá wọn ní Mọdákẹ́kẹ́. Gbogbo Sátidé ni wọn ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú méjèèjì ní físíìsì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Lẹ́yìn tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ parí, àwọn kan ní kí wọn ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni Màmá kó gbogbo wọn sí.

Màmá papò dà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àbúrò wọn, Bàbá Lágúnjú Ọ̀ṣúndáre. Àwọn ọmọ wọn, Fisáyọ̀mi, Dámilọ́lá àti Adéwùmí. Àti ọmọọmọ márùn-ún tí Ìrètíolúwa jẹ́ àgbà fún.

Nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ sí wa, "Ọ̀jọ̀gbọ́n" ló pe Màmá. Bàbá Lágúnjú ní, "Wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ kúkú kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé ìsìnkú. Ta ló máa bèèrè?"

Fisáyọ̀mi dáhùn pé, "Màmá máa bèèrè, sà."



Mojíre, ọmọ Ọ̀ṣúndáre, orúkọ yín nìkan la fi ń sìn yín lọ, ó sì tó. Kí ilẹ̀ Ifẹ̀ tẹ́ yín lára. Ẹ sùn re o, Màmá.