Ọmọrí Agbọ̀n Ìrẹsì

Ilé àlejò Phonsavath,
Erékùṣù Khong,
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú.

Latsamy, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé orí ìdúró ni kí lẹ́tà yìí bá yín, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara èmi àti ìyá rẹ le koko. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í dákẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Phonsavath tó ni ilé tí a wọ̀ sí ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi kò mọ ju ọkọ́ lọ. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. N kò fẹ́ lo fóònù. Lórí fóònù, kí n tó sọ ẹyọ kan, wàá ti já mẹ́ta gbà lẹ́nu mi.

O rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí à ń di ẹrù. O ní arúgbó méjì kì í gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kiri ìlú bí àwọn ọmọ òyìnbó. O ní bí a bá yí padà láàárín ọ̀nà láìdé ibi tí odò Mekong ti ń já bọ́, kí n gbé oko fún ẹlòmíràn, kí àwa méjèèjì wá jókòó sínú yàrá kan nílé rẹ ní Vientiane. Mo ní mo gbà, àwọn aládùúgbò sì gbọ́. Oko tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ni mo fi lélẹ̀ yẹn, tí èmi náà ti ń fi ẹfọ̀n tú láti ìgbà tí mo ga tó ìrù ẹfọ̀n. Ìyá rẹ ló kúkú fẹ́ rìnrìn àjò náà. Láti kékeré ló ti ń fọ aṣọ nínú odò yẹn, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ìdọ̀tí aṣọ òun ń lọ.

Ọkọ̀ wa taku nígbà tí a kúrò ní Savannakhet. Awakọ̀ ní kí a ní sùúrù, ó wọ abẹ́ igi lọ, ó sùn. Gbogbo èrò náà sùn. Òyìnbó méjì kan, ọkùnrin àti obìnrin, nìkan ló ń rìn síwá sẹ́yìn tí wọ́n ń wo aago. Ìyá rẹ pè wọ́n, ó fún wọn ní ìrẹsì. Ó wo báàgì ẹ̀yìn obìnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ lo dì sínú ẹ̀ ni?" Obìnrin náà kò gbọ́ èdè wa, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀lé wa.

Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pakse, torí bí ìyá rẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́, á fi iyọ̀ sí i. A jókòó ní ibùdókọ̀, à ń fi ata gígún àti ẹja gbígbẹ jẹ ìrẹsì. Awakọ̀ tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé àyè méjì ló kù. Mo dìde wéré, mo nu ọwọ́, mo gbé báàgì. N kò dé agbọ̀n ìrẹsì.

Ìyá rẹ kò dìde. Ó ní, "Bàbá Latsamy, kí lẹ ṣí sílẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Agbọ̀n ni. Ṣé ó fẹ́ fò lọ ni?"

Ó ní, "Kí ni ìyá mi sọ fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa?"

Mo rántí dáadáa. Ẹni tó bá jẹun tán tí kò dé agbọ̀n ìrẹsì, ìgbéyàwó rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ yẹn, tọkọtaya náà yóò tú ká. Fún ọdún mẹ́tàlélógójì, n kò gbàgbé rí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ orí mi. Kàkà kí n bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ọmọrí lásán."

Ó ní, "Ó dáa. Kí ọmọrí lásán máa bá yín lọ." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń padà sílé.

Èmi náà jókòó sí tèmi. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ bẹ ìyá, àyè ń tán lọ." Mo ní kó máa lọ, ó sì lọ. Mo ní ohun tó gbé obìnrin yìí lọ ló máa gbé e padà wá. Oòrùn yẹ̀, kò padà. Mo rí i tó tò sórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní oko mi ló ń lọ yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé, bí oko bá kù tí kò sí ẹni tí yóò bá mi jẹ ìrẹsì rẹ̀ ńkọ́? Oko ọ̀hún kéré lójú mi.

N kò ní òwú funfun tí a fi ń pe ẹ̀mí padà sára lọ́wọ́. Mo fa ọ̀kan yọ létí síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ lójú gbogbo èrò, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bí bàbá mi ti máa ń so ó fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ti ṣáko. Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ̀mí méjìlélọ́gbọ̀n tó ń gbé ara Bouakham ìyàwó mi, ẹ máa bọ̀. Èyí tó ti sá lọ sílé lẹ́bàá ìkòkò, kó máa bọ̀. Èyí tó ti wọ bọ́ọ̀sì, kó sọ̀kalẹ̀. Olórí kunkun kan ló ṣẹ̀ yín, ó sì jẹ̀bi." Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì jáde wá di ìgúnpá ìyá rẹ mú bí a ti máa ń ṣe bí a bá ń so òwú. Àwọn òyìnbó méjèèjì kúnlẹ̀ tì wá, wọ́n di tèmi mú.

Ìyá rẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òwú síńgílẹ́ẹ̀tì yín rèé?"

Mo ní òun ni.

Ó ní, "Ó ń rùn." Ó fa òmíràn yọ níbẹ̀, ó so ó mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e la bá lọ.

Àná la dé ibi tí odò ti ń já bọ́. Odò tí kì í kánjú níwájú ilé wa, níbẹ̀ ó ń bú ramúramù, ó ń fọ́ yángá sórí àpáta. Ìyá rẹ dúró wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Latsamy, ibi tí ṣòkòtò oko yín ti ń mọ́ nìyí." A jẹun níbẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ jẹ tán. Òun jẹ díẹ̀ sí i, ó sáré dìde lọ sétí bèbè, omi ń fọ́n sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge tí mo fẹ́.

Mo wolẹ̀, mo rí agbọ̀n ìrẹsì ní ṣíṣí sílẹ̀.

Latsamy, o mọ ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó tó mi í jẹ títí a ó fi délé. Mo nawọ́, mo dé ọmọrí náà, mo sì lọ bá a létí omi.

Nítorí náà, oko ṣì jẹ́ tèmi. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, èmi àti ẹfọ̀n yóò ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá tí o ti gbá sílẹ̀ dè wá, kó adìẹ sí i.

Kí ìrẹsì má tán nílé rẹ. Kí ọ̀nà tó gbé àwọn ọmọ rẹ lọ máa gbé wọn padà wá bá ọ. Kí gbogbo ẹ̀mí rẹ máa gbé ara rẹ, kí ọ̀kankan má ṣáko.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì rẹ̀,
Khamphoui.

Àfikún: Mo fi òwú síńgílẹ́ẹ̀tì kan sínú lẹ́tà yìí fún ọrùn ọwọ́ rẹ. Mo ti fọ̀ ọ́. Ìyá rẹ bá ìyàwó Phonsavath lọ sọ́jà, kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí ó bá ní kí o ka lẹ́tà yìí sí òun létí, bí o bá ti dé ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín létí omi, fo ìyókù, kí o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ adìẹ.