Ìkẹ́dùn Lórí Ìpapòdà Baba Onígun-Mẹ́rin, Ẹni Tó Mú Yunifásítì Wo Ara Rẹ̀

Sí Ìyá wa, aya olóògbé, àti ẹ̀yin ọmọ,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì fi gbọ́ pé olórí ẹ̀ka ìwéwèé ètò wa àtijọ́ ti dágbére fáyé. Ó ti pẹ́ tí púpọ̀ nínú wa ti fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá yìí ṣe kò kúrò lójú wa.

Àwọn olùkọ́ ló sọ ọ́ ní Baba Onígun-Mẹ́rin, torí kò sí ìpàdé tó dé tí kì í fa ìlà sórí pátákó, kí ó pín in sí mẹ́rin: ibi tí a lágbára sí, ibi tí a ti kù díẹ̀ káàtó, àǹfààní tó wà níta, ewu tó ń bọ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ìyá bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ, àfi kó kọ́kọ́ fa ìlà.

Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu wa lọ́dún tí ìgbìmọ̀ ń kọ ìlànà tuntun fún yunifásítì. Àwa àgbà fi ìyìn ara wa kún igun agbára títí ó fi ṣàn kọjá ìlà. Igun àìtó ṣófo. Ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti ìyá ọlọ́mọ ti ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, a kọ ọ́ sí igun ewu, ó ku díẹ̀ kí a tì í pa. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bàbá mọ èyí, ṣùgbọ́n kò bá wa jiyàn. Ó kàn ní kí a gbé ìpàdé lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ náà, kí a jókòó sẹ́yìn, kí a má sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tó yẹ kó wá kò wá. Nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kíláàsì tú, ọ̀gá àgbà yunifásítì, tó bá wa jókòó sẹ́yìn, padà síbi pátákó wa, òun fúnra rẹ̀ nu ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò ní igun ewu, ó kọ ọ́ sí igun agbára. Ní igun àìtó tó ṣófo, ó kọ pé: àwa olùkọ́ tí a kì í wá. Wọn ò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ó wà títí dòní.

Ìyá wa, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tiyín lẹ yọ̀ǹda fún wa. A dúpẹ́. Àwọn tiwa tó wà nítòsí yóò dúró tì yín títí ètò ìsìnkú yóò fi parí, a ó sì bá ẹ̀yin ọmọ tọ ìwé ẹ̀tọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lẹ́yìn débi tó bá dé.

Kí Ọlọ́run tó mọ ibi tó ń dùn yín fi ọwọ́ ara Rẹ̀ tù yín nínú. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ilé dákẹ́ jù fún Ìyá, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ní òótọ́ inú tí bàbá yín ní. Àmín.

Alága, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́